Ife Tíì Tó Kún

Meerim, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ìlú Bíṣíkẹ́kì ò mú ọ jù? Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Iná ilé rẹ ò ní kú, ẹsẹ̀ rẹ ò ní yọ̀ lórí yìnyín. Àwọn àgùntàn ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, gbogbo wọn ló pé àfi èyí tí ìkookò gbé, a ò sì mọ̀ pé òun ló sanra jù àfìgbà tí kò sí mọ́.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí màmá ò pe òun lórí fóònù. Ọmọ mi, obìnrin inú fóònù yẹn ni mi ò fẹ́ dà láàmú. Látìgbà tó o ti fi í síbẹ̀ kó máa rán bàbá rẹ létí oògùn, kì í sùn, kì í jẹun, láfẹ̀mọ́júmọ́ ló ti ń ké pé àsìkò oògùn ti tó. Mo ní kó fara balẹ̀, wọ́n ṣì ń jẹun lọ́wọ́, kò dá mi lóhùn, ó kàn ń ké lọ ni. Mo gbé búrẹ́dì síwájú ẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Mo wá fi ìborùn onírun wé e, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kí òtútù má bàa pa á sí wa lọ́rùn. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ni mo fi ìwé yìí rán, òun ní ẹṣin, ẹṣin ò sì ṣeé gbé bàbá rẹ mọ́.

A rí fọ́tò etí òkun tó o ní a máa lọ jókòó sí títí òtútù á fi lọ. Àánú àwọn tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ ṣe mí gan-an. Ṣé olè ló kó wọn láṣọ ni? Mo ti di ẹ̀wù onírun méjì mọ́ ẹrù fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, Meerim. Bí òtútù ṣe ń le sí i ni ara bàbá rẹ ń gan sí i. Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ wọn á dúró bíi pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Tí yìnyín bá dí ọ̀nà òkè ká tó kọjá sọ́dọ̀ rẹ, ibí la máa wà títí koríko á fi hù, mi ò sì mọ̀ bóyá wọ́n á là á já.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ń kọjá, ti Temirkul ọmọ alágbẹ̀dẹ. Temirkul sì ti búra pé òun ò gbé aláìsàn gba òkè yẹn mọ́, látọjọ́ tí ẹnì kan ti dákẹ́ sínú ọkọ̀ ẹ̀. Bàbá rẹ wá ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún un pé àìsàn Pákínsìn ló ń gbọn àwọn lọ́wọ́. Nígbà tí Temirkul wọlé wá gbọ́ ohun tá a fẹ́, kí bàbá rẹ lè fi hàn án pé ara àwọn dá ṣáṣá, wọ́n gba ìkòkò tíì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ló máa bù ún fún àlejò. Mò ń ṣẹ́jú sí wọn, wọn ò wò mí.

Bí ìlú ńlá ò bá tíì jẹ́ kó o gbàgbé, ìdí ife là ń bu tíì mọ fún àlejò tá a fẹ́ kó pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tá a bá bu tiẹ̀ kún, a ní kó dìde nìyẹn. Ọwọ́ bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tíì ń dà, ife kún dé ẹnu. Temirkul wo ife, ó wo bàbá rẹ, ó mú fìlà ẹ̀, ó jáde. Bàbá rẹ fẹ́ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ wọn ò gbéra.

Kí ni kí n ṣe? Tí mo bá dákẹ́, á bínú lọ. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á mọ̀ pé aláìsàn ni, á ṣì lọ náà ni. Mo sáré jáde sínú yìnyín láìwọ bàtà, ó ti ṣíná sọ́kọ̀. Mo ní, "Temirkul, ọwọ́ ọkọ mi ló lé ọ, ọkàn ẹ̀ kọ́. Àìsàn ló ń ṣe é." Ó ń wo ọ̀nà òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbà tó yá, ó pa ọkọ̀.

Ó padà síbi tó ti dìde, ó na ife sí bàbá rẹ, ó ní, "Bàbá, ẹ bu òmíràn fún mi." Wọ́n bù ú, ó tún kún, ó dà sí i lọ́wọ́ ní gbígbóná, kò mira. Ó mu ún tán, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó tún na ife. Bàbá rẹ ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ló máa gbé wa.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Temirkul ní òun ò gbà á, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í mu tíì. Kí ìyókù jẹ́ ti obìnrin inú fóònù, ó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀, kò sì bèèrè nǹkan kan rí.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀, ibi tó o bá forí lé, ọ̀nà á là fún ọ. Tá a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, tí bàbá rẹ bá bu tíì fún ọ tó sì kún, ọmọ mi, má dìde.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sayra