Rédíò Tí N Kò Lè Dá Lóhùn

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá Sùlíà, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú ọyẹ́. Mo kí Sìfáwù ìyàwó mi náà, bí inú tilẹ̀ ń bí i sí mi.

Mo gbọ́ pé níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ mi, lójú gbogbo ará Èrúwà tó pé jọ, wọ́n ní Múfú ti rí Kánádà, ó ti gbàgbé ilé. Gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n gbé èsì mi sí ojúewé ìlú wa lórí fóònù, kí gbogbo ẹni tó gbọ́ tibẹ̀ lè gbọ́ tèmi.

Ìyá mi, mo parọ́ fún yín. Mo ní ọ́fíìsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Máígáàdì ni mí. Ibùdó kan ló wà nínú igbó níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Bí òtútù bá dé, gbogbo òṣìṣẹ́ a lọ sílé, wọ́n á fi èmi nìkan sílẹ̀ kí n máa ṣọ́ ẹ̀rọ. Ní àbà wa, ẹni tó bá pariwo, àbà kejì á gbọ́. Níbi tí mo wà, kò sí àbà kejì. Fóònù kì í mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ọ̀gá mi máa ń wá gbé mi lọ sí ìlú, ibẹ̀ ni mo ti ń pè yín.

Ohun kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ni rédíò mi. Kì í ṣe irú ti Bàbá wa tí wọ́n máa ń gbá létí kó tó fọhùn. Sátẹ́láìtì tó wà lójú ọ̀run ni eléyìí ti ń gbọ́ tirẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọ Filipíìnì kan tó ń padà sílé ló tà á fún mi, ó sì kọ́ mi pé kí n gbé ẹ́ríà rẹ̀ tó ń fa ohùn wọlé síta lójú fèrèsé tó kọjú sí gúúsù. Bí yìnyín bá bo ẹ́ríà yẹn, rédíò á dákẹ́. Nítorí náà, láràárọ̀, mo máa ń jáde lọ gbá yìnyín kúrò lórí rẹ̀ kí n tó bọ́jú.

Obìnrin kan nínú rédíò náà máa ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Ó máa ń kí gbogbo èèyàn káàárọ̀, mo sì máa ń dá a lóhùn kí n má bàa gbàgbé ọ̀rọ̀ sísọ.

Mo mọ̀ pé oyún Sìfáwù ti tó bí. Ọjọ́ Jímọ̀ ló yẹ kí ọ̀gá mi wá gbé mi. Ní Ọjọ́rú, mo yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, ọrùn ẹsẹ̀ mi yẹ̀, mo rá wọlé. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà ní ìjì yìnyín ti dí gbogbo ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi ti wú, pé ìyàwó mi fẹ́ bímọ, pé kó bá mi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, bí mo tilẹ̀ fi òyìnbó sọ ọ́, kò lè gbọ́ mi. Ó parí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, wọ́n fi orin sí i.

Lọ́jọ́ kẹta, yìnyín bo ẹ́ríà. N kò lè dúró láti lọ gbá a. Rédíò dákẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wà bẹ́ẹ̀, tí mò ń jókòó kírun, tí mò ń rá lọ kó igi sínú ààrò.

Awakọ̀ katakata tó ń kó yìnyín lójú ọ̀nà ló gbé mi lọ sí ọsibítù. Bí a ṣe kan ìlú ni fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀gbọ́n mi ló pè, tó tún pè. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ pé Ààfáà dúró dè mí títí, pé nígbà tí ìpè kò lọ, wọ́n sọ ọmọ náà ní Àíṣátù. Àná ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Mo pe Sìfáwù. Ó ní òun kò mọ ẹni tó ń pè, ó sì pa á. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti gbé ọmọ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Láńlátẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tún ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Orúkọ ọ̀gá yìí ló wà nínú ìwé tí mo fi ń gbé ìlú yìí. Bí mo bá fi í sílẹ̀, ìwé ti kú. Bí mo bá sì wá wò yín, n kò ní lè padà wọlé mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yá mi ní fóònù sátẹ́láìtì rẹ̀, èyí tó ń pe èèyàn láti inú igbó pàápàá. Ó ní ẹyọ kan ṣoṣo lòun ní. Ọjọ́ Ajé ló ń gbé mi padà, títí yìnyín yóò fi yọ́. Mo ti ní mo gbọ́, sà.

Ìyá mi, ẹ bá mi dé Láńlátẹ̀. Ẹ sọ fún Sìfáwù pé mo jẹ̀bi irọ́, n kò jẹ̀bi ìgbàgbé. Ẹ fi fóònù gba ohùn Àíṣátù sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú. Fóònù mi kò ní gba ìpè lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wà nínú rẹ̀, màá gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ẹkún ló ń sun, ẹ má tètè rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, á ṣọ́ ilé, á ṣọ́ oko. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àtàgbà àtèwe.

Èmi ọmọ yín,
Múfútáù, Bàbá Àíṣátù.