Ibojì Tí Wọ́n Mọ Sílẹ̀ De Baba Fágbàmílà

Ọgbà Ẹmu Ìdílé Fágbàmílà,
Ìwàrò-Ọ̀kà,
Ọ̀kà-Àkókó,
Ìpínlẹ̀ Òndó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ọ̀nà Ẹmu Ilẹ̀ Àkókó,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Òndó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ FÚN ÌWÁDÌÍ LÓRÍ ÌKÉDE IKÚ BABA WA, ẸNI TÍ KÒ KÚ

Èmi ni Mọ́júbọ́lá, àkọ́bí Baba Fágbàmílà, adẹ́mu ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Ilé wa wà lára àwọn ilé mẹ́ta tí Ìgbìmọ̀ yín yàn nígbà tí ẹ la ọ̀nà àbẹ̀wò ẹmu sílẹ̀. Ètò yín ni pé kí ọkọ̀ máa kó àlejò láti Ìkàrẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ yà ní Ugbe, kí wọ́n wá sọ́dọ̀ wa, kí wọ́n sì parí rẹ̀ sí Ẹ̀pìnmì. Mo kọ ìwé yìí nítorí pé àwọn kan ti sọ baba wa di òkú lójú àlejò. Ìfura mi sì ni pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ló dá a ṣe.

Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ wa. Baba kì í gun ọ̀pẹ mọ́. Àbúrò mi ọkùnrin, Olúyọmí, ló ń gùn ún. Baba a máa jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, a máa sọ bí a ṣe ń fi igbà gun ọ̀pẹ, ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ọṣẹ fọ akèrègbè, àti bí ẹmu àárọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti ìrọ̀lẹ́. Èmi ni mo máa ń bu ẹmu, tí mo sì ń sun iṣu. Ọ̀rọ̀ Baba máa ń dùn mọ́ àwọn àlejò débi pé wọ́n ń gbàgbé ahá ẹmu lọ́wọ́.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Zachariah, ẹni tó ń mú àwọn àlejò káàkiri, sọ pé afárá ti já. Mo rìn dé ibi afárá náà, kò já. Ó tún sọ pé àlejò kò wá mọ́. Ṣùgbọ́n mò ń rí ọkọ̀ funfun náà lójú títì, èrò kún inú rẹ̀. Nígbà tí mo bi í, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣe sùúrù, Ìgbìmọ̀ ń tún nǹkan tò ni." Mo ṣe sùúrù, àmọ́ ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́.

Ní oṣù keje, Ìyáàfin Theresa, olùkọ́ kan láti Ọ̀wọ̀ tó ti bẹ̀ wá wò rí, gun ọ̀kadà wọ agbolé wa. Aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Baba o. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára." Mo rò pé ilé ló ṣì. Kí n tó la ẹnu, Baba ti ti ẹ̀yìnkùlé yọ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní, "Ta ló kú?" Obìnrin náà figbe ta, ó sì sá dé ìta. Ìgbà tó fọwọ́ kan Baba ló tó gbà pé kì í ṣe àkúdàáyà. Ó wá ṣàlàyé pé Zachariah ti kó àwọn lọ sí ilé kan lẹ́bàá títì Ìkàrẹ́, ó ní ibẹ̀ ni ọmọ Baba Fágbàmílà ti ń bá iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti kú lọ.

Mi ò fẹ́ fi ẹnu ẹlòmíràn rojọ́. Nígbà tí ọkọ̀ tún jáde, mo gun ọ̀kadà tẹ̀lé e, mo sì dúró sínú oko kòkó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Ezekiel ni mo rí lórí àga. Ezekiel kì í ṣe ọmọ Baba. Ilé wa ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹmu, Baba sì lé e nígbà tó ká a mọ́ ibi tó ti ń po omi àti ṣúgà mọ́ ẹmu. Àwòrán Baba wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ mi ni Zachariah ti gba àwòrán yẹn, ó ní òun fẹ́ fi ṣe pátákó ojú ọ̀nà. Ezekiel ń sọ ìtàn Baba ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dórí ti ejò tó pàdé lórí ọ̀pẹ, bíi pé bàbá tó bí i ló sọ ọ́ fún un.

Èyí tí mo lè fara dà nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ó kó àwọn àlejò lọ sábẹ́ igi odán kan. Ibojì wà níbẹ̀. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì ti kọ orúkọ Baba sí i. Ezekiel ta ẹmu sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn àlejò ọkùnrin sì ṣí fìlà. Mo jókòó sílẹ̀ sáàárín ewé kòkó. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹni tó bá mọ ibojì sílẹ̀ de alààyè, a kì í tún bi í pé kí ló ń wá.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín ní Ìkàrẹ́, mo sì fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ fúnra mi. Kò pẹ́ tí Zachariah fi bá mi lọ́jà, tó ń ka ọ̀rọ̀ inú ìwé náà sí mi létí láìwo ibì kan. Ó ní, "Ẹ ní mo pa Baba yín. Ṣé ẹ rí ọbẹ lọ́wọ́ mi?" Ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ìwé yìí wá sí Àkúrẹ́ fúnra mi. Olúyọmí nìkan ló mọ̀ pé mò ń bọ̀.

Mo fi ọ̀rọ̀ ibojì náà pamọ́ fún Baba, ṣùgbọ́n ará àdúgbò kan kò lè pa ẹnu mọ́. Baba pe Olúyọmí, ó ní, "Gbé mi lọ wo ibi tí mo sùn sí." A bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Àlejò kún ibẹ̀ nígbà tí a dé. Baba kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó dúró ti ibojì náà, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sáàárín àwọn àlejò, ó sì nawọ́ gba ahá. Ó tọ́ ẹmu náà wò, ó tu ú dànù, ó ní, "Ẹmu yìí ti pẹ́ nílẹ̀ ju òkú mi lọ. Èmi ni Fágbàmílà."

Zachariah ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ó sọ fún àwọn àlejò pé bàbá eléré ni, pé ara ohun tí àwọn ṣètò fún wọn lọ́jọ́ náà ni. Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ya fọ́tò. Obìnrin kan tilẹ̀ lẹ owó mọ́ Baba níwájú orí. Mo pariwo pé bàbá mi ni, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún èmi náà. Olúyọmí fẹ́ kọ lu Ezekiel, Baba dì í lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wádìí ni èyí. Zachariah kọ́ ló ni ọkọ̀. Ta ló fún un láṣẹ láti yí ọ̀nà padà? Pátákó Ìgbìmọ̀ yín, tó ní àmì yín, ló wà níwájú ilé Ezekiel. Ta ló gbé e fún un? Báwo ni ìwé tí mo fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ ṣe dé ọwọ́ ẹni tí mo fi sùn? Mi ò ní dárúkọ ẹni tí mi ò ní ẹ̀rí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí.

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ wá fúnra yín, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọ́fíìsì Ìkàrẹ́ gbọ́ kí ẹ tó dé. Ẹ jẹ́ kí a wó ibojì náà lójú Baba. Ẹ bá wa gba àwòrán rẹ̀ padà, kí ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tí ọkọ̀ yín ti gbé lọ síbẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n pa fún wọn. Bóyá ọkọ̀ yóò tún yà sọ́dọ̀ wa tàbí kò ní yà, ìyẹn kù sọ́wọ́ yín.

Tí ẹ bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wọlé tọ Baba lọ kí ẹ tó bá mi sọ̀rọ̀. Kò jókòó síta mọ́. Tí ènìyàn bá kí i láti ẹnu ọ̀nà, kì í dáhùn àfi tí ẹni náà bá pe orúkọ rẹ̀, Fágbàmílà. Ní ìjẹta, ó bi mí pẹ̀lẹ́ pé, "Mọ́júbọ́lá, ṣé ó dá ọ lójú pé mo ṣì wà?" Mo ní ó dá mi lójú. Ó ní ọmọ òun ni mí, pé kò sí ohun mìíràn tí mo lè sọ.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Mọ́júbọ́lá Fágbàmílà (Ìyáàfin),
Alábòójútó Ọgbà Ẹmu Ìdílé Fágbàmílà.