Ọmọ Orí Itan Tí Baba Kò Gbẹ́ Parí

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Tata Tsasa, baba wa, agbẹ́gilére ilẹ̀ Mayombe! Ọdún mẹ́ta gbáko! Èmi Nsona, àkọ́bí yín, ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀.

Makaya àbúrò mi ti di ọkùnrin, òun náà ti ń gbẹ́gi bíi tiyín. Ó ti kan páànù sórí ibi iṣẹ́ yín, òjò ò pa igi mọ́. Àwọn oníbàárà láti ìlú Boma ò sì yéé yọ wá lẹ́nu lórí ère tí ẹ fi sílẹ̀.

Ìyá tó ká ẹsẹ̀ jókòó yẹn ni, tó dé fìlà olóyè, tí ilà kún àyà rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ẹ parí títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọmọ orí itan rẹ̀ nìkan ló kù. Igi kan náà ni ìyá àtọmọ, ẹnikẹ́ni ò lè gbẹ́ ọmọ lọ́tọ̀ kó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Èmi ni mo fà á. Èmi lẹ ń gbẹ́ ẹ fún nígbà tí Lelo, ọmọ mi, kú. Ẹ bi mí bóyá kí ẹ la ojú ọmọ náà fún ọmọ tí mo ṣì máa bí, àbí kí ẹ pa á dé fún èyí tó lọ. Inú bí mi, mo padà sílé ọkọ láìdáhùn. Kí n tó padà wá bá yín, ẹ ti dákẹ́! Ha, Baba! Ẹ dárí jì mí.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ Lelo létí mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n má dán an wò. Àmọ́ lóṣù tó kọjá, mo jókòó ti Makaya, mo ní, "Pa ojú ẹ̀ dé. Lelo ni."

Makaya gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mama Khenge, ìyá wa, figbe ta nídìí ìkòkò sakasaka, ọbẹ̀ ewé ẹ̀gẹ́ tó ń sè: "Nsona, ṣé orí ẹ pé? Ìwọ tó ń wá ọmọ, òkú lo fẹ́ gbé lé itan?"

"Òkú tèmi ni, Mama."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Makaya fi gbẹ́ ẹ. Etí kan tóbi ju ìkejì lọ. Ẹ ò bá bú u dáadáa! Bí mo ṣe ń fi osùn pa ọmọ náà lára, Mama wá jókòó tì mí. Ó ní, "Lelo yìí! Alájẹkì! Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun mi kì í tutù kó tó gbé e." A rẹ́rìn-ín títí ẹkún fi gbà á lẹ́nu wa.

Àárò yín ń sọ wá, Baba. Ìfẹ́ yín ò dín lọ́kàn wa. Bí ẹ bá rí Lelo lọ́hùn-ún, ẹ sọ fún un pé ìyá ẹ̀ ti ń dárúkọ ẹ̀.