Iṣu Mẹ́ta Níwájú Màdáámù Rẹ

Moyinolúwa ọmọ mi,

Okun o. Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbélé, mo kí onílé yín. Ọlọ́run tó mú ọ dé Àbújá láìfẹsẹ̀ kọ yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Ẹni tó bá ń bínú sí ọ kò ní rí ọ mú. Ẹni tí ìwọ náà bá ń bínú sí, kí Ọlọ́run jẹ́ kí o lè dárí jì í. Ṣe àmín sí i, ọmọ mi, èmi ni mò ń wí.

Ara ilé le. Orúnkún ìyá rẹ ti sàn díẹ̀, òjò ti dá, a ti ń wa iṣu, ewúrẹ́ dúdú bí méjì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ tí mo fi fóònù kọ sí ọ, Ọpẹ́dayọ̀ tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló bá mi fi ránṣẹ́. Ìgbà tí mo rí i tí àmì máàkì méjì yọ sí ìdí rẹ̀, inú mi dùn, mo ní o ti yẹ̀ ẹ́ wò bíi tíṣà, o ní mo gbà á, o sì tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì. Ọpẹ́dayọ̀ ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní o kà á ni, o kàn ò fèsì. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìwé yìí fúnra mi, tí mo sì fi í rán dírẹ́bà ní gáréèjì Kàbbà.

Jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí lójú mi, bóyá wàá ṣàánú mi. Nígbà tí o wálé, o ní ọ́fíìsì yín ní kí oníkálukú máa ṣiṣẹ́ láti ilé fún oṣù kan. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. Ní ìlú Ìyàrà tí wọ́n bí mi sí, ẹni tó bá wà nílé ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, bí kò bá ṣàìsàn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Iṣẹ́ tí mo mọ̀, ó máa ń fi ẹrẹ̀ sí ni lẹ́sẹ̀. Bí mo bá ti oko dé, mo máa ń bá ọ níwájú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ yẹn, ẹ̀wù ọ́fíìsì lókè, ìró ìyá rẹ nísàlẹ̀, o ń dá rẹ́rìn-ín, o ń dá sọ òyìnbó. Mo rántí ọmọ Túndé ojúgbà mi, tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, tó sì ń múra ọ́fíìsì láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta, tó ń lọ jókòó sábẹ́ igi. Mo ní ọmọ tèmi náà ti bá a dé ibẹ̀.

N kò bi ọ́. Mo rò pé àṣírí rẹ ni mò ń bò. Bẹ́ẹ̀ èmi kan náà ni mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tí mo ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi. Èlùbọ́ tí Ìyá Sarah gbé wá, tí o rò pé ó fi ń kí ọ káàbọ̀, àánú rẹ ló ń ṣe é.

Ìgbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbọ́ ohùn obìnrin àgbà kan nínú yàrá rẹ. Mo yọjú, mo rí i nínú kọ̀ǹpútà, ó fi awò sójú, àwọn mìíràn yí i ká, oníkálukú lójú fèrèsé tirẹ̀. O pè é ní Màdáámù Juliet. Mo ní áà, ẹni ńlá tó lè fún ọmọ mi níṣẹ́ rèé. Ní ilẹ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ lásán bẹ ẹni ńlá. Mo sáré lọ gbé iṣu mẹ́ta tó gbó dáadáa, mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. Ìgbà tí mo rí i pé wọn kò lè rí mi nílẹ̀, mo dìde, mo ń gbé iṣu náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní Màdáámù, ẹ ṣàánú mi, ẹ fún ọmọ yìí níṣẹ́, láti ọjọ́ tó ti dé kò ṣe nǹkan kan, jíjókòó ló ń jókòó, ó tilẹ̀ ń sùn lọ́sàn-án. O ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, mo rò pé o ní kí n túbọ̀ bẹ̀ wọ́n ni.

Àwọn kan fọwọ́ bo ẹnu. Màdáámù kò rẹ́rìn-ín. O pa kọ̀ǹpútà dé, o ò bú mi, o kàn ní Bàbá, ọ̀gá mi nìyẹn. Ì bá sàn kí o bú mi. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ní kí o padà sí Àbújá wá ṣàlàyé ohun tí o fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe.

Ìyá rẹ ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi, ẹnu mi ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí ọgbọ́n mi ń lọ. N kò lè dé ìdí ayò mọ́, Olúṣínà tí a jọ ń ta ayò ní kí n gbé iṣu wá fún rédíò òun, bóyá yóò máa sọ ìròyìn tó dáa. Ọpẹ́dayọ̀ ló wá là mí lójú pé kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ni ọ́fíìsì, pé bí o ti ń rí wọn ni wọ́n ń rí ọ. Ìtìjú mìíràn tún dé. Moyin, ṣé wọ́n rí mi ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí mo gba ẹ̀yìn rẹ kọjá láìwẹ̀wù, tí mo ń fi igi họ ẹ̀yìn? Bí wọ́n bá rí mi, sọ pé alágbàṣe ni.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dìde pé kí ìjọ dá àdúrà mi padà, ọmọ mi níṣẹ́. Kí n tó parí, pásítọ̀ ti kígbe halelúyà, wọ́n ní Ọlọ́run ti dáhùn, láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré! Wọ́n mú mi jó dé iwájú pẹpẹ. Mò ń jó, mò ń sunkún, wọ́n rò pé ayọ̀ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí Màdáámù bá lé ọ, ohun tí mo sọ tí kì í ṣe òótọ́ yóò di òótọ́, ẹnu mi ni yóò sì ti jáde.

Jọ̀ọ́, ka ibi yìí fún Màdáámù yín: Èmi James Ọlábímtán jẹ́rìí pé àìmọ iṣẹ́ ni mo fi ní ọmọ mi kò ṣiṣẹ́. Àkùkọ kì í tíì kọ tí iná yàrá rẹ̀ fi ń tàn. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ máa ń tutù níwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sùn lọ́sàn-án, ibà ló ń ṣe é.

Ó ku owó tí mo fẹ́ tọrọ. Kì í ṣe owó ajílẹ̀ lọ́dún yìí. Kọ́tìnì nìkan ló wà lẹ́nu yàrá rẹ, mo fẹ́ kí a ti fi ilẹ̀kùn sí i kí Kérésì tó dé, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ nìkan. Bọ́ládé káfíńtà ti wá wọ̀n ọ́n. Ó bi mí pé ta ni a fẹ́ tì mọ́ òde. Mo ní èmi ni.

Wàá jẹ èrè iṣẹ́ rẹ, ẹnu bàbá rẹ kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ. Máa bọ̀ nílé.

Èmi ni bàbá rẹ tí ojú ń tì,
J. Ọlábímtán