Ẹ Fọwọ́ Wo Omi Náà Kí Ẹ Tó Ki Ẹsẹ̀ Bọ̀ Ọ́

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Èmi Mùfútàú dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Ìtamágà níbí. Ẹ kú ọyẹ́ Ìwó. Oòrùn la ń bá yí ní tiwa. Mo kí Sìdí, àbúrò mi tó ń tọ́jú yín. Òun ni kó ka ìwé yìí sí yín létí. Mo ní kí wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú, torí ìyá ẹlòmíràn náà lè gbọ́.

Mo purọ́ fún yín. Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ yanrìn ní Èbúté mọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ lórí fóònù.

Lánàá ẹ ní ẹsẹ̀ yín ń kú, pé bí ẹ bá ń rìn, àfi bíi pé orí òwú lẹ ń tẹ̀. Ẹ ní kí n má ṣàníyàn, pé alaalẹ́ ni Sìdí ń gbé omi gbígbóná oníyọ̀ fún yín. Ẹ̀rù bà mí, Ìyá mi.

Ẹ rántí pé èmi náà ní ìtọ̀ ṣúgà bíi tiyín. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ ní kí n rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, bí ẹ ti ń ṣe fún bàbá wa tí wọ́n bá toko dé. Mo da omi sínú ike, mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ta ló ń fọwọ́ wo omi ẹsẹ̀? Mo jókòó, mò ń gbọ́ rédíò. Ìyá Dúpẹ́, ará Ìlàjẹ tó ń yan ẹja nínú ilé wa, ló wọlé wá tọrọ ìṣáná. Ó figbe ta, ó ní ṣé ẹran ni mò ń bọ̀ ni. Nígbà tí mo yọ ẹsẹ̀, awọ rẹ̀ ti bó. Kò dùn mí rárá.

Egbò náà kọ̀, kò jinná. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi méjì ní ọsibítù, bí iṣẹ́ yanrìn ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Mi ò sunkún. Títí di òní, mi ò tíì sunkún. Mò ń jí, mò ń jẹun, mò ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Ó jọ pé ikú ẹsẹ̀ yẹn ti gòkè dé àyà mi.

Ẹ̀bi yín kọ́ o. Ìfẹ́ lẹ fi sọ ọ́. Àwa méjèèjì ni ò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì ní ẹsẹ̀ wa kì í jíṣẹ́ fún wa mọ́, ojú ló yẹ kó máa ṣọ́ ọ. Torí náà, kí Sìdí da omi yẹn nù. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi fọ ẹsẹ̀, kí Sìdí kọ́kọ́ ki ìgúnpá bọ̀ ọ́. Tí ẹ bá ṣe àlùwàlá tán, ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ. Kó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín láràárọ̀. Ẹ máa wọ bàtà, kódà nínú ilé. Tí ẹ bá rí egbò, bó ti wù kó kéré, ẹ má sọ pé kò dùn yín. Kò dùn mí náà.

Ọlọ́hun á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Sìdí, dákẹ́ ìwé kíkà ná. Ní kí Ìyá dijú, kí o fi ìka kan àtẹ́lẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n sọ ibi tí ọwọ́ rẹ wà. Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ gbọ̀nà ọsibítù lọ́la. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, pè mí kíá. Mo rò pé màá lè sunkún nígbà yẹn.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùfútàú