Yìnyín Tó Dá Ìrìnàjò Màmá Láoyè Dúró

                                        Ojúlé Kẹrìnlá, Togostraße,
                                        Wedding, Berlin.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2026.

Adétọ́lá, ọ̀rẹ́ mi bí iyèkan,

Ẹ kú ọyẹ́ o. Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti ń rọlẹ̀? Ọlátúnjí ńkọ́, ṣé yunifásítì ti gbà á? Dáadáa la wà níbí, àfi òtútù. Àwọn ọmọ mi ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Jámánì ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ, tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sọ tán lórí fóònù, ẹkún á máa gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

Màmá Láoyè ti padà sílé pátápátá. Ẹnu àwọn ará ìjọ wọn ní Hamburg ni mo ti gbọ́ pé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù yìí, ni wọ́n máa lọ. Wọn ò fúnra wọn sọ fún mi. O kúkú mọ ohun tó fà á. Nígbà tí mo fẹ́ kó ẹrù mi wá sí Berlin, ọdún méje rèé, wọ́n ní kí n ṣì ní sùúrù. Inú bí mi, mo sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe ìyá mi. Látọjọ́ náà, ẹ kú ọdún nìkan ló kù láàárín wa. Mo wá pinnu pé wọn ò ní kúrò nílẹ̀ yìí kí n tó kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n.

Aṣọ ìyàwó kan tí mò ń rán ò tán títí di Ọjọ́bọ̀, nítorí náà àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì gan-an ni mo wọ ọkọ̀ ojú irin. Yìnyín ti ń já bọ́ láti àná rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré o. Atẹ́gùn ń gbé e kiri bí ẹni ń fẹ́ ọkà, a ò rí igi, a ò rí ilé. Nígbà tí a dé Wittenberge, lágbedeméjì ọ̀nà, ọkọ̀ dúró. Wọ́n ní igi ti wó sórí irin níwájú, kò sí ọkọ̀ tó máa kọjá mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n kó wa lọ sí gbọ̀ngán ilé-ìwé kan, wọ́n fún wa ní tíì gbígbóná.

Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mò ń sunkún. Bàbá Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Maximilian, tó jókòó tì mí, bi mí pé ta ló kú.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Ìyá mi kan ló ń wọ bàlúù ní Hamburg lọ sílé nírọ̀lẹ́ òní, mi ò sì ní bá wọn."

Ó yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, bàlúù wo? Ẹyọ kan ò fò ní Hamburg lónìí. Ìyá yín ṣì wà nílé."

Mo dì mọ́ ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Gbogbo ọ̀sán yẹn, ìwọ ni mò ń rántí, àti yàrá kan ṣoṣo tí a jọ ń gbé pẹ̀lú Màmá ní St. Georg, ní Hamburg. Kóòtù kan làwa méjèèjì ní. Bí o bá wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, àfi kí n dúró títí o máa fi dé kí n tó lè jáde. Ṣé o rántí ọjọ́ tí o fi abọ́ bu yìnyín wálé, tí o da mílíìkì àti ṣúgà lé e? Màmá ń pariwo pé inú á run wá, síbẹ̀ àwọn náà mú ṣíbí. A ò ní nǹkan kan nígbà yẹn, àmọ́ mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo tó dé Hamburg. Yìnyín ti bo àwọn mọ́tò ẹ̀gbẹ́ títì bí òkìtì. Màmá ṣílẹ̀kùn fún mi tàwọn ti kóòtù lọ́rùn. Wọ́n ti kó bẹ́ẹ̀dì àti àga fún èèyàn, orí àpótí ẹrù ni wọ́n jókòó sí látàná. Ara wọn ti kéré, Adétọ́lá. Mo kúnlẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò láti Berlin fò lọ.

Wọ́n ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù."

Nígbà tó ṣe, ìyàwó pásítọ̀ wọn pè, ó fẹ́ wá mú wọn lọ sílé rẹ̀. Màmá ní, "Má ṣèyọnu. Ọmọ mi ti Berlin ti dé." Mo yára wọ kíṣìnì, bí ẹni pé mo ní ohun tí mo fẹ́ sè níbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé ni bàlúù tó gbéra. Níbi tí a ti ń di ẹrù ni wọ́n ti sọ fún mi pé ẹ̀rù ń ba àwọn. Ọdún mọ́kànlélógójì kì í ṣe eré. Wọ́n ní àwọn ẹgbẹ́ àwọn ní Ìkìrun ti kú tán, àti pé àwọn ará àdúgbò ti ń pe àwọn ní Ìyá Jámánì kí àwọn tó dé rárá.

Òṣogbo tí o wà sí Ìkìrun ò jìnnà. Jọ̀wọ́, lọ. Má pè wọ́n ṣáájú, wọ́n á ní kí o má ṣèyọnu. Ìyá Jámánì ni kí o fi béèrè ilé, àmọ́ tí o bá ti kanlẹ̀kùn, Màmá Láoyè ni kí o pè, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó mọ̀ wọ́n ló dé.

Bá mi kí gbogbo ilé. Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,

                                        Fọláwùnmí.