Àbàwọ́n Mílíìkì Lára Ìwé Omi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹsàn-án

"Ẹni tó fẹ́ràn tíì ju ìwé lọ kò yẹ kó máa yan ìwé fún àwọn olólùfẹ́ tíì. A ti gba pẹpẹ yìí lọ́wọ́ rẹ̀."

Bí ó ti kọ ọ́ gan-an nìyẹn — Onígíláàsì, olùtọ́jú ilé ìkàwé àdúgbò wa. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pẹpẹ, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti kà á. Pẹpẹ ìwé tíì tí mo fi ọwọ́ ara mi tò fún ilé ìkàwé náà. Ìwé obìnrin tó ń já ewé tíì lórí òkè. Ìwé àwọn ọkọ̀ òkun tó gbé tíì kiri ayé. Èyí tó ń kọ́ni bí a ti ń fi imú mọ ewé tó ti pẹ́ nílẹ̀. Àti èyí tí mo fẹ́ràn jù, ìwé pẹlẹbẹ kan nípa omi tí a fi ń po tíì, tí mo ń pè ní Ìwé Omi, nítorí pé omi ni iṣẹ́ mi. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, káàdì: ìdí tí ó fi yẹ ní kíkà.

Ẹ̀sùn náà: pé mo da tíì sí Ìwé Omi.

Èmi kò da nǹkan kan sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo lọ bá a. Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ní mo ka ìwé náà tán, ó wà lórí tábìlì pálọ̀ mi fún ọjọ́ díẹ̀, mo sì dá a padà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé tíì ni ẹ fi ń wẹ̀?" Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn bú sẹ́rìn-ín. Mo dúró títí ẹ̀rín wọn fi tán.

Ó ṣí ìwé náà fún mi. Ojú ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa gbígbé kẹ́tù kúrò lórí iná kí omi tó hó. Àbàwọ́n náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á. — Dán?

Kábíyèsí (ọkọ mi, àga pálọ̀ ni ìtẹ́ rẹ̀) ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. "Ìwé ewé gbígbẹ lásánlàsàn! Ta ló ń ka irú rẹ̀?" Bàtà rẹ̀ ni ó ń wò bó ti ń sọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ilé-iṣẹ́ omi, yàrá àyẹ̀wò. Nígbà ìsinmi ọ̀sán mo da tíì tèmi sórí bébà: gbẹrẹfu, bí mo ti ń mu ún láti ìgbà tí mo wà ní pólì. Mo da tíì onímílíìkì sórí òmíràn. Mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Tèmi: etí dúdú bí ààlà oko, àárín rẹ̀ mọ́. Èkejì: àwọ̀ ṣíṣá, ọ̀rá, dídán.

Ẹlẹgbẹ́ mi, Aláwàdà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo bébà méjèèjì. "Ṣé omi ìlú la ń yẹ̀ wò ni, àbí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ aráyé?" Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ ṣáà má da tèmi sórí bébà o."

Ẹni tó ń fi mílíìkì sí tíì ni mò ń wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìfura loògùn àgbà. Agolo mílíìkì kan wà lẹ́yìn tábìlì Onígíláàsì. Mo fojú ara mi rí i. Ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìwé náà wà lẹ́yìn tí mo dá a padà. Ó ti kó àwọn ìwé mi sí ìsàlẹ̀, ó to ìwé aṣọ rírán sí ipò wọn.

Mo ti ń kọ lẹ́tà sí i. Lẹ́tà tí yóò tutù ju yìnyín lọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Ìyá ọkọ mi wá kí wa. Nídìí oúnjẹ mo sọ ọ́: mílíìkì wà nínú àbàwọ́n náà, mo ti dán an wò. Ìyá ní, "Ìyàwó wa, àwọn ọlọ́pàá ló yẹ kó gbà ọ́ síṣẹ́!" Kábíyèsí kò rẹ́rìn-ín. Ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Kábíyèsí mu tíì gbẹrẹfu láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Gbẹrẹfu lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, ohun tó ń bẹ nínú ife rẹ̀ kì í ṣe tíì: mílíìkì tó gbọ́ ìròyìn tíì ni. Mo bi í léèrè. Ó ní inú ń run òun. Ó ń gbé e mì bí oògùn ibà.

Mo kàn ń wò ó ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo gbé kẹ́tù kaná. Tíì dúdú ni mo ń mu. Omi tèmi gbọ́dọ̀ hó dáadáa. Kábíyèsí na ọwọ́, ó gbé kẹ́tù sọ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Omi tó bá hó jù a máa jó ewé."

Mo wo kẹ́tù, mo wo ọkọ mi.

Ojú ìwé alábàwọ́n ni ọ̀rọ̀ yẹn wà. Èmi kò sọ ọ́ nínú ilé yìí rí.

Kòkòrò tó ń jẹ ewé, ara ewé ló wà. Mo fa lẹ́tà Onígíláàsì ya.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ ka ìwé náà?" Ó ní èwo nínú ìwé. Mo ní èyí tí mílíìkì yín wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ káwọn ọ̀rẹ́ mi gbọ́ pé mò ń jókòó sílé ka ìwé tíì? Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pa!"

Mo ní, "Èmi ńkọ́, tí wọ́n ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ó ní òun yóò rò ó.

Kì í ṣe dídà tó dà á ló dùn mí. Gbogbo ọwọ́ ní í gbọ̀n. Ó jókòó, ó gbọ́ bí wọ́n ti ń ba orúkọ mi jẹ́, ó ní kí n gbàgbé — kí a má baà mọ̀ pé ó ka ohun tí ìyàwó rẹ̀ yàn. Ó sì gbádùn rẹ̀! Ọkùnrin tó ń gbé kẹ́tù sọ̀ ti gbádùn rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo ti dá agolo mílíìkì tí Kábíyèsí gbé pamọ́ padà sórí tábìlì. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi máa jìyà lásán. Abẹ́ rẹ̀ ni mo fi lẹ́tà tí mo kọ sí Kábíyèsí sí, mo sì dà á kọ síbí:

"Ẹsẹ̀ ara yín ni kí ẹ fi rìn lọ bá olùtọ́jú ilé ìkàwé. Ẹ sọ ọ́ ketekete, kí àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn gbọ́. Ẹ gba pẹpẹ mi padà fún mi. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi yóò lẹ káàdì tuntun mọ́ ọn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti lẹ tèmi: 'Ìwé Omi. Ọkọ mi kà á, ó sì dùn mọ́ ọn dé ibi pé ó da mílíìkì sí i.' Èmi kò ní rán yín létí. Mo ń retí ìdáhùn yín kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún, tó lù."